Bí Obìnrin Ṣe Ń Gbé Afárá

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù kẹwàá ọdún 1995 ni mo fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ mi jẹ́, mo sì mọ̀ pé mò ń bà á jẹ́. Ilé iṣẹ́ ìwé àwòrán kan ní Manhattan ni mo wà nígbà náà. Troy Haskell ló ń fi pẹ́ńsù ya àwọn alágbára inú ìwé wa. Èmi, Maureen Tedesco, ni mo ń fi yíǹkì dúdú tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.

Adènà ló wà nínú ojú ìwé tó wà níwájú mi lọ́jọ́ náà, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn alágbára wa. Afárá ń wó lọ, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé wà lórí rẹ̀, Adènà sì fi èjìká gbé e. Ṣùgbọ́n Troy ti lọ́ ìbàdí rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ, tó fi jẹ́ pé ọmú àti ìdí jọ kọjú sí ẹni tó ń wò ó. Bàtà gogoro ló wọ̀. Síìpù rẹ̀ ṣí dé ìdodo. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ irin dé ọrùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá Gary Lindqvist, olóòtú wa, sọ ọ́. Nígbà kẹta, ó rẹ́rìn-ín.

"Maureen, àwọn ọmọkùnrin ló ń rà á. Àbí ìwọ lo fẹ́ rà á ni?"

"Ẹni tó bá dúró báyìí ò lè gbé ọmọ ọwọ́, ká má tíì sọ afárá."

"Àwòrán ni. Fi yíǹkì sí i, jọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, mo mú rọ́bà ìpàwérẹ́, mo pa Adènà tí Troy yà rẹ́. Mo tún un yà: ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, orúnkún tẹ̀, èjìká fẹ̀. Mo fa síìpù dé ọrùn. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó ń fi yíǹkì sí àwòrán kì í yí i padà. Aago márùn-ún ni ọkọ̀ ilé ìtẹ̀wé ń bọ̀.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí Gary dúró lẹ́yìn mi. Ó na ìka sí ojú ìwé náà.

"Kí lèyí?"

"Adènà ni."

Ó fi igbe pe Troy. Troy wo ojú ìwé náà, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"O fọwọ́ kan iṣẹ́ mi? Orúkọ mi ló máa wà níbẹ̀ o!"

"Mo mọ̀. Bó o bá bínú, o ò jẹ̀bi. Àmọ́ dúró bó o ṣe yà á, Troy. Níbí yìí. Lọ́ ìbàdí ẹ, kí n gbé páálí kan ṣoṣo lé ẹ léjìká."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Troy ò rẹ́rìn-ín.

Gary ti ìgò ọ̀dà funfun tá a fi ń bo àṣìṣe síwájú mi. "Kùn ún, kó o ṣí síìpù yẹn padà. Tó ò bá ṣe é, gbé báàgì ẹ."

Ọdún mẹ́fà ni mo ti jókòó sórí àga yẹn.

"Mi ò ní ṣe é."

Ó yíjú sí Bernice Wojcik, ìyá àgbà tó ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu àwọn alágbára. "Bernice, bá mi ṣe é."

"Ọwọ́ ń dùn mí," ni Bernice wí, láì gbójú sókè. Ọwọ́ tó ní ó ń dun òun náà ló sì fi ń kọ̀wé lọ.

Troy gba búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Pẹ́ńsù ló mọ̀ ọ́n lò. Búrọ́ọ̀ṣì ò gbọ́ tiẹ̀. Ó kun àyà, ó ṣí síìpù. Awakọ̀ ilé ìtẹ̀wé ti ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà nísàlẹ̀. Nígbà tó kan ìbàdí, Troy dáwọ́ dúró. Ó wò ó títí.

"Ó gbé afárá yẹn lóòótọ́," ló sọ jẹ́jẹ́.

Gary já ìwé náà gbà, ó sáré lọ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́: àyà jẹ́ ti Troy, ìyókù jẹ́ tèmi.

Bernice sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó fún mi ní ìdajì búrẹ́dì ẹlẹ́ran tó gbé wá.

"Jẹ nǹkan kó o tó sunkún."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Gary pè mí lórí fóònù. "Padà wá, ká gbàgbé ẹ̀."

"Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń yà á?"

"Iṣẹ́ ẹ kọ́ nìyẹn."

"Ẹ ṣé, Gary."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò sì padà. Ìwé àwọn dókítà ni mò ń yàwòrán fún báyìí, ẹnikẹ́ni kì í sì bá mi jiyàn níbẹ̀ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń dúró. Síbẹ̀, àárò Adènà ń sọ mí. Mi ò yà á mọ́ láti ọjọ́ náà.