Ọ̀bọ Tó Fi Ohùn Àbẹ̀kẹ́ Pè Mí

Mo sáré lọ bá Sàláwà aládùúgbò mi láàárọ̀ yìí, mo ní, "Mo lálàá o."

Mo rí i pé mo wà lóko wa, àmọ́ inú ara Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi tí àrùn éèdì pa lọ́dún tó kọjá, ni oko náà wà. Àwọn ọ̀bọ ló ń ṣọ́ ọ. Àwọn kan ń ké bí olè bá dé, àwọn yòókù ń jà. Mo mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Làmídì, Ṣadé, Bísí olójú kan. Kòkòrò éèdì wọlé, àwọn tó ń ké ló ń pa, bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́ fún wa nígbà àìsàn Àbẹ̀kẹ́ gẹ́lẹ́, pé àwọn ọmọ ogun ara tó ń ké pe àwọn yòókù ni kòkòrò náà ń pa. Àwọn oníjà ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọn ò mọ olè mọ́. Ẹ̀gẹ́ wa ni wọ́n ń fà tu.

Ó wá ku ẹyọ kan tó ń ké. Ohùn Àbẹ̀kẹ́ ló fi pè mí: "Ìyá mi o!"

Wọ́n ní a kì í jẹ́ ìpè òkú lójú àlá. Mo pa ẹnu mọ́ títí mo fi jí.

"Sàláwà, ṣé ó yẹ kí n dáhùn ni?"

"Ká ní o dáhùn ni, ta ni ì bá wá da oorun mi rú láàárọ̀ yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo padà sílé, mo ti ilẹ̀kùn, mo ní, "Oo, Àbẹ̀kẹ́, mo ń gbọ́."