Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Mo Fi Lé Àbúrò Mi Lọ

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Tí ẹ bá bi àwọn àgbà ìlú wa lónìí, gbogbo wọn á ní àwọn ò tiẹ̀ rí i rí, àfi bíi pé wọ́n fọ́ lójú fún ọdún mẹ́rin gbáko. Irọ́ ni! Iṣẹ́, Ẹbí, Ilẹ̀ Baba. Ó wà lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú, ó wà lára owó ẹyọ, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn. “Òmìnira” ló wà lára ògiri yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n pa á rẹ́, kò sì dùn mí rárá. Kí ni mo fẹ́ fi òmìnira ṣe? Ọkọ mi Ferréol wà ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Jámánì láti ọdún 1940 tí Jámánì ti ṣẹ́gun wa, èmi nìkan ni mò ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ìjọba kọ “Ẹbí” gàdàgbà sára ògiri, mo ní háà, wọ́n rántí wa.

Noémie ni mí. Ìbọ̀wọ́ aláwọ ni mò ń rán, bíi ti ìdajì àwọn obìnrin ìlú wa létí odò Tarn nílẹ̀ Faransé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ìyá wa kú, Urbain àbúrò mi sì jẹ́ ọmọ ọdún méje. Èmi ni mo tọ́ ọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, èmi náà ni mo sì kọ́kọ́ gbá a létí. Nígbà tí mo lọ́kọ, ó tẹ̀ lé mi lọ sílé ọkọ, Ferréol ò sì fajú ro sí i lọ́jọ́ kan. Ó kọ́ ọ níṣẹ́ irin, títí tó fi di ẹni tó ń tún gbogbo ẹ̀rọ ìránbọ̀wọ́ ìlú ṣe. Tí àwọn méjèèjì bá lọ pẹja ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹja bín-ín-tín mẹ́ta ni wọ́n á mú bọ̀, àti irọ́ tó kún apẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1942, ìjọba wa, tó ti ń bá Jámánì ṣe, lẹ ìwé mọ́ gbogbo ògiri. Wọ́n ní tí ọkùnrin mẹ́ta tó mọṣẹ́ bá lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ẹlẹ́wọ̀n kan á padà wálé. Mo ka ìwé náà títí awọ tí mò ń gbé lọ sílé fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò béèrè ẹlẹ́wọ̀n wo. Ẹ wò ó, mi ò béèrè! Ferréol nìkan ni ẹlẹ́wọ̀n tí mo mọ̀ láyé.

Mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbi oúnjẹ ọ̀sán.

“Urbain, o ti ka ìwé ara ògiri yẹn?”

“Mo ti kà á. Ẹ̀gbọ́n mi, ọjà yẹn mà wọ́n o. Èèyàn mẹ́ta ra ẹyọ kan! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ná kábéèjì títí ẹni tó ń tà á á fi fẹ́ sunkún?”

“Mi ò bá ẹ ṣeré.”

“Èmi náà ò ṣeré. Ṣé kí n lọ bá wọn rọ ọta tí wọ́n á padà fi yìnbọn lù wá ni?”

Ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú. Mo na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, ibi tí a ti ń rí ògiri gbọ̀ngàn ìlú.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn? Kà á fún mi.”

“Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.”

“Iṣẹ́! Ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ni ilé iṣẹ́ yín ń ṣí, ọjọ́ yòókù, inú ilé mi lo ń nà gbalaja sí. Ẹbí! Ta ló ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ? Ilẹ̀ Baba! Ferréol lọ jà fún un. Ìwọ ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìjọba ló ń ti ẹnu yín sọ̀rọ̀ yìí.”

“Tó bá jẹ́ ìwọ lo wà ní àgọ́ yẹn, Ferréol ìbá ti lọ láti àná. Kò bí ẹ, ó bọ́ ẹ, ó kọ́ ẹ níṣẹ́. Ojo lásánlàsàn ni ẹ́.”

Ẹyin lohùn. Urbain rọra gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó nu ẹnu rẹ̀, ó sì jáde. Kò jẹun tán, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ò pọ̀ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kejì ó lọ bu ọwọ́ lùwé.

Wọ́n fọn fèrè fún àwọn tó ń lọ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n ta aṣọ gbọọrọ kan sára ọkọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀wù òtútù Ferréol ni Urbain wọ̀, ó tóbi jù ú lọ léjìká. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ ní kó má dá ọ̀rọ̀ mi lóhùn, pé orí mi ló dàrú. Ọkọ mi tó ń bọ̀ ni mo rò, mo sì pa ẹnu mọ́.

“Ẹ má sunkún mọ́,” ó ní. “Ẹni tí ẹ ń fẹ́ ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ tètè lọ gbé ìkòkò kaná, ó máa jẹun gan-an o.”

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tó lọ, wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n kan ń bọ̀ wá sí ìlú wa. Mo di irun mi, mo pa ehoro kan ṣoṣo tó kù. Ọkọ̀ dúró. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ni Bastide darandaran, ọkọ Sidonie tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo wo inú ọkọ̀. Kò sẹ́lòmíì. Mo di akọ̀wé gbọ̀ngàn ìlú mú ní àyà ẹ̀wù.

“Ọkọ mi dà?”

“Mádàámù, ẹ fi mí sílẹ̀ ná. Wọn kì í forúkọ ṣe é. Àwọn ará Jámánì ló ń yan ẹni tó wù wọ́n.”

“Àbúrò mi ti lọ!”

“Ṣé ẹ béèrè lọ́wọ́ mi kó tó lọ ni?”

Lọ́jọ́ kejì, Sidonie kan ilẹ̀kùn mi. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún ayọ̀. Ó gbé wàràkàṣì ewúrẹ́ kan dání, ó fi ewé wé e.

“Noémie, wọ́n ní Urbain wà lára àwọn tó lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ọlọ́run á dá a padà fún ẹ. Jọ̀ọ́, gbà á.”

“Gbé e lọ fún ọkọ ẹ. Ẹni tó ti jẹ àbúrò mi, ṣé wàràkàṣì ni kò ní lè jẹ?”

Ó gbé e sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ. Ebi ló mú kí n padà lọ mú un. Mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, ojú sì ń tì mí títí dòní.

Ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, bọ́ǹbù já lu ilé iṣẹ́ tí Urbain wà. Akọ̀wé náà ló wá sọ fún mi, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Kò sí òkú tí wọ́n fi ránṣẹ́, kò sí nǹkankan. Lásìkò yẹn ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá kó àwọn ọ̀dọ́ lọ, kò sì pẹ́ tí kò fi sẹ́ni tó ń ya ẹni tó bu ọwọ́ lùwé sọ́tọ̀ mọ́ lára ẹni tí wọ́n wọ́ lọ. Èmi mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Mo ṣì ń kọ káàdì ránṣẹ́ sí Ferréol ní ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ìlà díẹ̀ ni wọ́n gbà wá láyè láti kọ, lórí ìlà tó gbẹ̀yìn ni mo sì máa ń kọ ọ́ sí: “Urbain ń kí ọ.” Òkú ló ń kí i fún ọdún méjì.

Oṣù karùn-ún ọdún 1945 ni Ferréol dé sí ibùdókọ̀ ojú irin. Gbogbo ara rẹ̀ ti di egungun. Ó dì mọ́ mi, ó sì ń ti orí èjìká mi wo ẹ̀yìn.

“Àbúrò mi dà? Àbí ọ̀lẹ yẹn ṣì ń sùn?”

Mo sọ fún un níbẹ̀, láàárín èrò. Ó fi ọwọ́ wá ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Jámánì? Ta ló rán an lọ? Noémie, ta ló rán ọmọ yẹn lọ?”

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi, mo fi ìyá mi tó wà nínú ilẹ̀ búra. Mo wo ojú rẹ̀ tó ti jìn wọnú, ẹ̀rù bà mí pé ó máa dìde kó máa lọ.

“Ìjọba ni,” mo ní. “Wọ́n fi tipá mú un.”

Ó gbà mí gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlú. Wọ́n ti ha ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn kúrò lára ògiri nígbà yẹn, síbẹ̀ Ferréol kì í gba ibẹ̀ kọjá kó má tutọ́ sílẹ̀. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Àwọn Òkú, a máa ń gbé òdòdó lọ síbi òkúta tí wọ́n kọ orúkọ Urbain sí. Á ṣí fìlà, á sì sọ ọ́ sókè ketekete kí gbogbo èèyàn lè gbọ́:

“Ẹni tó rán Urbain lọ, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí ìsinmi, láyé àti lọ́run.”

Á wá yíjú sí mi. Mo ní láti dáhùn, nítorí ta ni kò ní ṣe àmín sí irú rẹ̀? Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń dáhùn. Lẹ́yìn náà a ó lọ sílé, n ó bu ọbẹ̀ fún un, á sì ní, “Noémie, ìwọ nìkan ni mo ní.”

Ferréol kú nígbà òtútù tó kọjá. Kò mọ̀. Lọ́dún yìí èmi nìkan ni mo gbé òdòdó lọ. Mo dúró títí àwọn tó kù fi lọ sílé, nítorí ibi tí ohùn rẹ̀ ti máa ń dún, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Mo wá ṣẹ́ èpè náà fúnra mi, látòkè délẹ̀, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Mo sì ṣe àmín.