Ẹsẹ̀ Màmá àti Mọ́nítọ̀ Mi

Mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà mi ti pẹ́ láyé ju ìgbéyàwó mi lọ. Àlòkù ni mo rà á, síkúrúù méjèèjì tó yẹ kó di wáyà mú lẹ́yìn rẹ̀ sì ti sọnù kó tó dé ọwọ́ mi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó mi lẹ́nu géètì Jakande Estate, n'Ísọlọ̀, òun ni mo fi ń tẹ ìwé fún gbogbo àdúgbò, kò sì dójú tì mí rí, àfi ìgbà tí ìyá ọkọ mi dé.

Màmá wá láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì kí wọ́n lè bá wa tọ́jú Ọmọ́lẹ́wà, àkọ́bí wa. Ẹni tó bá rí irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀ kó yáa máa jó. Lọ́sàn-án gbogbo, wọ́n á pọn ọmọ, wọ́n á gbé oúnjẹ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí mo máa ń jókòó kí àwọn oníbàárà bí ọ̀gá báńkì, tí mo bá ti gbóhùn wọn, màá fò dìde, màá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, màá fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́. "Ẹ ṣeun, Màmá." Kí n tó wí bẹ́ẹ̀ tán, ojú mọ́nítọ̀ á ṣú dùdù.

Lọ́jọ́ kìíní, a rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín náà dín kù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Memunat tó ń ta ìbòrí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo pé, "Ah, Màmá, ẹ ti tún dé! Ẹ ti paná o!" Eré ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ojú Màmá yí padà. Wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀, wọ́n sì lọ láìwẹ̀yìn.

Ìgbà tí mo délé ni Màmá tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé wọn níyàwó, ìjì ṣí òrùlé ilé bàbá ọkọ wọn. Àbúrò ọkọ wọn, Ìyá Àjíbíkẹ́, sọ wọ́n ní ẹlẹ́sẹ̀ burúkú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, orúkọ náà ò tíì kúrò létí wọn.

"Mi ò fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi ba iṣẹ́ ẹ jẹ́, ìyàwó mi," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ Ẹtì, màá padà sílé."

Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ gbá mọ́nítọ̀ náà létí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbá mọ́nítọ̀ létí. Lẹ́yìn náà ni mo wá pe Mísbáù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣógúnlé.

Mísbáù dé, mọ́nítọ̀ ń tàn yanran. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó tú inú rẹ̀ wò, kò rí ohun tó wú tàbí tó jóná.

"Àǹtí Tẹjú, this thing dey okay o. Ìgbà wo gan-an ló máa ń kú?"

"Tí ìyá ọkọ mi bá dé."

Ó wò mí, mo wò ó. "Màmá ò mú rìmóòtù dání, àbí?"

Ó kọ́ mi ní ọgbọ́n kan: tó bá ti kú, kí n yára tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀. Tí mo bá rí òjìji ìwé tí mò ń tẹ̀ níbẹ̀, iná tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ ló ń kú. Tí mi ò bá rí nǹkan kan, wáyà ni. Mo bẹ Màmá kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n wá, mo kúnlẹ̀, ó kú. Mo fò dìde kí n mú tọ́ọ̀ṣì, ojú ẹ̀ ti là padà! Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Mísbáù wà lábẹ́ tábìlì, ó ń yẹ wáyà wò, nígbà tí Màmá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́lá ọkọ mi gbé báàgì wọn dání, ó gbé ọmọ léjìká.

"Mi ò ní wọlé o," ni Màmá wí. "Ìta níbí ni màá ti dágbére."

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ." Mọ́nítọ̀ kú.

Màmá fọwọ́ lérí. "Ṣé ẹ rí i? Mi ò tíì wọlé pàápàá!"

"Ẹ má mira!" Mísbáù ló kígbe lábẹ́ tábìlì. "Àǹtí, ẹ dìde."

Mo dìde. Ojú mọ́nítọ̀ là.

"Ẹ kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ó kú.

"Dìde! Kúnlẹ̀! Dìde!" Ọ̀gbẹ́ni ti gbàgbé ọ̀wọ̀. Èmi náà ń dìde, mo ń kúnlẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, Memunat sì ti sáré dé, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wa.

Mísbáù rá jáde, eruku bo orí rẹ̀. "Pákó ilẹ̀ yìí ni! Ibi tí orúnkún yín ń tẹ̀, òdìkejì ẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ tábìlì sókè. Tábìlì á fa wáyà, wáyà tí kò ní síkúrúù á yọ díẹ̀. Tí ẹ bá dìde, á padà sáyè ẹ̀. Ẹ ò ṣáà kúnlẹ̀ fún èmi rí!"

"Kí ni màá kúnlẹ̀ fún ẹ ṣe?"

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n wo mọ́nítọ̀. Ó ń tàn. Wọ́n gbé èkejì. Wọ́n rìn dé ìdí tábìlì, wọ́n rìn padà. Ó ṣì ń tàn.

"Kúnlẹ̀, ìyàwó mi, kí n rí i."

Mo kúnlẹ̀, ó kú. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan orúnkún mi. "Orúnkún ni," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ni ẹ̀rín bá bú jáde lẹ́nu wọn, wọ́n rín in títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. "Orúnkún ìyàwó mi ni! Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi!"

Mísbáù ti mú síkúrúù jáde lápò, àmọ́ wọ́n dì í lọ́wọ́ mú. "Má tíì dè é. Kọ́lá, pe Ìyá Àjíbíkẹ́ fún mi. Èyí tí a ti máa ń rí ojú ara wa yẹn ni o."

Ojú Ìyá Àjíbíkẹ́ ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní àwọn ò rí i, kí a tún un ṣe. Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Ní ìgbà keje, wọ́n rí i.

"Ìyàwó wa," ni Ìyá Àjíbíkẹ́ wí fún Màmá, "ẹsẹ̀ rẹ ò burú."

Màmá gba ọmọ lọ́wọ́ Kọ́lá, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n sì ní kí Mísbáù de síkúrúù rẹ̀.