Góòlù Tí Ó Padà Wá

Ojú tí yóò bá ni kalẹ́, àwọn àgbà ní kì í ti àárọ̀ ṣepin. Ti Bàbá Wẹ́dà bá a dé ọ̀sán, ó wá fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Iná tó fi ń jó irin pọ̀ ti bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀. Kò sunkún ṣọ́ọ̀bù. Bọ́ọ̀lù wíwò ló ń dùn ún. Láti ìgbà tó ti ń gun igi ẹ̀yìn ògiri pápá láti wò ó, kò sí Sátidé tí ojú rẹ̀ kì í bá bọ́ọ̀lù lọ. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, a máa sọ pé orogún tí òun ní rí róbótó, afẹ́fẹ́ ló sì kún inú rẹ̀.

Sátidé tí mo ń wí yìí, Bàbá ti ránṣẹ́ sí àkọ́bí rẹ̀ pé kó wá gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò ní pálọ̀.

"Kí ni afọ́jú ń fi dígí ṣe?" ló wí.

Tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún gan-an, ohùn rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tí Bàbá ń ríran, kò tún un ṣe. Ó ní òun kò wá ẹni tí yóò máa ròyìn ohun tí òun ń fojú ara òun wò. Ẹ wá wò ó: odi ń fọwọ́ júwe fún afọ́jú.

Ìyàwó rẹ̀ rí i bó ṣe jókòó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n náà, tó ń fọwọ́ ra orúnkún, ní àsìkò tí àwọn aláṣọ pupa, ẹgbẹ́ tí Bàbá ti ń tì lẹ́yìn láti ìgbà ọ̀dọ́, fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Àánú ṣe é. Ó kúrò nídìí maṣínì, ó tan tẹlifíṣọ̀n.

"Bàbá wọn, kí ọmọ yín tó dé, ẹ jẹ́ n máa wò ó fún yín."

"Ìwọ? Ìwọ tó o máa ń káàánú bọ́ọ̀lù pé wọ́n ń ta á nípàá?"

"Ẹ sáà gbọ́. Pupa kan gbé e... ó ti í gba abẹ́ ẹsẹ̀ funfun kan kọjá, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba inú aṣọ... Ó ti gbá a wọlé!"

Bàbá fò sókè. Kò tíì jókòó tán tí ìyàwó tún fi lọgun.

"Wọ́n tún ti jẹ ẹ́ o!"

"Kíákíá báyìí?"

"Ẹni àkọ́kọ́ náà ni! Yéè, ẹ̀kẹta rèé! Àmọ́ ó ti ń rẹ̀ ẹ́, ó ń rìn bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò. Abẹ́ ẹsẹ̀ funfun kan náà ló tún gbà. Ṣé ọkùnrin yẹn kì í gbọ́n ni?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn Bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú tí kò ríran mọ́.

"Ìyá wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Wọ́n ń tún un fi hàn ni."

"Ẹ̀hẹn? Wọ́n á máa tan èèyàn jẹ báyìí?"

"Lórí igi ìgbà náà, ẹni tó bá ṣẹ́jú ti pàdánù nìyẹn. Góòlù kì í padà wá." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ojú aṣọ́lé àwọn aláṣọ funfun ńkọ́?"

Ìyàwó tẹjú mọ́ ọn. "Ó dà bí ẹni tó fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Mo rí i," ló wí.

Ibẹ̀ ni àkọ́bí wọlé bá wọn.

"Bàbá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé kí n yọ wáyà ẹ̀?"

"Yọ kí ni?" Ìyá rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Kúrò níwájú ẹ̀ jàre, o ò rí i pé o dí wa lójú ni?"

Ọmọ wo ìyá, ó wo bàbá, ó wá àga kan fìdí lé.

"Koríko ńkọ́, Ìyá wọn?"

"Ó tutù yọ̀yọ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

Ó sún mọ́ dígí tẹlifíṣọ̀n. "Wọ́n gé e nílà-nílà, ìlà kan ṣú, ìlà kan mọ́lẹ̀, bíi síkẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́po."

Bàbá na ọwọ́ síwájú sínú afẹ́fẹ́, ó ń fi ìka tọ àwọn ìlà náà lọ.

"Máa sọ ọ́ lọ," ló wí. "Jọ̀ọ́, má fo ibì kankan."