Ilẹ̀ Tí Ẹ̀sọ̀ Tẹ̀

Ìyá Ọlálẹ́yẹ da oògùn ìfọlẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọmọrí kan ni wọ́n kọ sára ìgò pé ó tó, ṣùgbọ́n ó dà á títí omi fi funfun bíi wàrà. Kò fẹ́ kí Adétutù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, gbọ́ òórùn ológbò nílé. Adétutù kò sọ nǹkan kan rí o, àmọ́ ó ti fọwọ́ dímú lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú ìyá wá láti Àkúrẹ́ sí Bódìjà, ológbò yìí, Ẹ̀sọ̀, nìkan ló ń bá a jókòó lọ́sàn-án. Ó ti sọ fún Ọlálẹ́yẹ pé, "Ọjọ́ tí Ẹ̀sọ̀ bá kúrò nílé yìí, èmi náà ti ń lọ nìyẹn."

Ó fọ ilẹ̀ láti pálọ̀ dé kíṣìnì, ó sì jókòó, ẹ̀yìn ń ro ó. Ẹ̀sọ̀ gba orí ilẹ̀ tútù náà kọjá, ó fò sórí itan rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹsẹ̀.

Nígbà tí Adétutù fi ti ibi iṣẹ́ dé láti Ring Road, tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ológbò, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá ti mú ṣíbí epo pupa lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ dúró ná!"

"Kí n dúró de kí ni? Májèlé ló jẹ. Epo ló ń pa májèlé."

"Ẹ jẹ́ ká bi dókítà."

"Dókítà ológbò! Ẹ̀yin ará Bódìjà yìí náà!"

Adétutù ti ń pe Adégbénró, dókítà ẹran tó wà ládùúgbò, lórí fóònù.

"Ẹ má fún un lépo o," ni dókítà wí. "Ó lè ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Kí lẹ fi fọlẹ̀?"

Ìyá sọ ọ́.

"Èyí tó ń funfun bó bá kan omi? Òun náà nìyẹn. Kò mu ún. Ó tẹ̀ ẹ́ ni, ó wá lá ẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè ṣẹ́gun irú oògùn yẹn bíi tiwa. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé e bọ̀ kíá. Ẹ mú ìgò náà dání."

Wọ́n fọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí kan àárín ìka. Ẹ̀sọ̀ tó kórìíra omi kò jà. Ìyẹn ló bà wọ́n lẹ́rù jù.

Dókítà fa omi sí i lára, ó ní kó sùn sọ́dọ̀ òun. Nígbà tí wọ́n padà délé, ìyá fa àpò rẹ̀ síta, ó ń ká aṣọ sínú ẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Bó bá kú, màá ti ṣetán. Ọwọ́ mi ni mo fi pa á."

"Ṣé torí tèmi lẹ ṣe da oògùn pọ̀ tó yẹn?"

"Ìwọ lo fọwọ́ dímú."

Adétutù mí kanlẹ̀. "Òórùn yẹn le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ tó ń tọ̀ sí ló ń rùn, Màmá, kì í ṣe ilẹ̀. Èmi á máa pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ náà láàárọ̀ kí n tó jáde."

Adétutù ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó pọn omi, ó mú àkísà láti tún ilẹ̀ nù. Oògùn tó ti gbẹ sórí táìlì ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ẹsẹ̀ tútù. Omi kìíní tó fún kúrò lára àkísà náà funfun. Ìkejì náà ṣì funfun díẹ̀. Ìyá wò ó títí, ó sọ àpò sílẹ̀, ó wá gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ omi títí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì fi hàn kedere.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà dá Ẹ̀sọ̀ padà. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi àga, ó sùn gbalaja sórí táìlì.

Ìyá dúró tì í fún ìgbà díẹ̀. Ó wá wọ yàrá lọ tú àpò rẹ̀.