Ẹ̀yìn Káàdì Méje

Bí ẹ bá gbé fọ́tò lọ bá Síkírù onífírémù ní Ìdúmọ̀tà, kò ní bi yín bóyá kí òun fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Yóò lẹ̀ ẹ́ ni. Ooru Èkó máa ń ká fọ́tò kò nínú gíláàsì, ṣùgbọ́n fọ́tò tí Síkírù bá lẹ̀ kì í ká. Ogójì ọdún ló ti fi ń fi gọ́ọ̀mù yẹn yangàn.

Ohun tó ṣe fún káàdì ìyá rẹ̀ náà nìyẹn.

Káàdì méje ni, inú agolo bisikíìtì ni wọ́n sì wà ní ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bùsàrí, bàbá bàbá Alájà Morufat tó bí Síkírù, ló fi wọ́n ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà nígbà tó bá ọkọ̀ ojú omi lọ, ní nǹkan bí ọdún 1911. Àwòrán ibi tí ayé ń lọ wò ni gbogbo wọn: omi Niagara tó ń já láti orí àpáta, afárá Niu Yọ́ọ̀kì tí wọ́n fi wáyà so rọ̀, ilé gogoro kan tí imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí áyọ́ọ̀nù. Bùsàrí ò padà wálé. Àdìjátù, ìyàwó rẹ̀, bínú débi pé kò jẹ́ kí alfa kankan ka káàdì kan sí òun létí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀, kó wá sọ ọ́ lójú òun. Títí ó fi kú, ó ń sọ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ pé bàbá wọn já wọn sílẹ̀ ni.

Nígbà tí òrùlé ilé bẹ̀rẹ̀ sí jò, Alájà ní kí Síkírù bá òun tọ́jú agolo náà sí ṣọ́ọ̀bù. Síkírù rò pé òun gbọ́n. Ó fẹ́ fi káàdì náà ya ìyá rẹ̀ lẹ́nu lọ́dún Iléyá. Ó yí ọ̀kan padà, ó rí i pé lẹ́tà Lárúbáwá kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé tírà ni bàbá ńlá àwọn fi ránṣẹ́ sílé. Ta ló ń gbé ojú tírà síta? Ṣebí inú awọ ni wọ́n ń rán an sí. Ló bá ṣe bisimillahi, ó fi gọ́ọ̀mù káfíńtà ra ẹ̀yìn méjèèje, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ pákó, ó sì fi fírémù aláwọ̀ góòlù yí wọn ká. Ó rẹwà lóòótọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún kò, Alájà pè é lórí fóònù. Ó ní Ihsan, ọmọ àbúrò Síkírù tó ń kọ́ Lárúbáwá ní yunifásítì, ti sọ fún òun pé àwọn àgbà ayé àtijọ́ máa ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Anjẹmi ni wọ́n ń pè é. Kí Síkírù kó káàdì wálé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí Ihsan wá kà á.

“Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún,” ni Alájà wí. “Mi ò fẹ́ kú kí n tó mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló já wa sílẹ̀.”

Odindi ọjọ́ Sátidé ni Síkírù fi jókòó ti omi gbígbóná àti bíléèdì. Omi Niagara ṣí kúrò lójú káàdì, afárá ya sí méjì, ẹ̀yìn wọn kò kúrò lára pákó. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló wá di ọ̀tá rẹ̀. Ìkeje nìkan, ibi tí gọ́ọ̀mù kò ti dé igun kan dáadáa, ló bọ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ rẹ̀. Alájà ò pariwo. Ó ní kí ó gbé èyí tó kù fún Ihsan. Ihsan gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀:

“Ìkeje rè é, Àdìjátù. O ò dá ọ̀kan lóhùn. Mo ti gba yàrá tó gba ìwọ àti ọmọ. Bí mi ò bá gbọ́ ohùn rẹ lórí èyí, n óò gbà pé o ti kọ̀ mí. Ibi tí mo wà nìyí…”

“Ibo ló wà?” ni Alájà bi í.

“Ibẹ̀ ló parí sí, Grandma. Gọ́ọ̀mù ti jẹ ìyókù.”

Alájà ò wo Síkírù rárá, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ó ní kí Ihsan tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ihsan kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló dúró níbi kan náà. Síkírù ṣì wà nílẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Nígbàkígbà tí ọmọ náà bá dé “Ibi tí mo wà nìyí”, yóò gbé orí sókè, yóò máa retí ọ̀rọ̀ tó kàn, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́.