Kànga Ìjọ Tó Ń Hó

“Ìyá Qonitah, gbé ike rẹ wá jàre. Kànga wa ti ń hó láti àárọ̀. Agbára ti wọ̀ ọ́.”

Miriam, aládùúgbò Àdíját, ló sọ̀rọ̀ nínú aṣọ funfun ìjọ rẹ̀. Èrò ti tò lọ bẹẹrẹ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ti ń mu tiwọn. Àdíját wo inú korobá kan, ó sì gbóòórùn ìfófòó náà. Ó mọ òórùn ọṣẹ yẹn.

Òróró tí àwọn alákàrà ti lò kù ni Àdíját fi ń ṣe dísẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn ọgbà ìjọ náà ní Ìgàndò, lórí ilẹ̀ tó háyà lọ́wọ́ ìjọ. Láti Shasha ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ti ń wá rà á. Ẹnu obìnrin yìí kì í sì í sinmi pé tòun ló mọ́ jù ní Alimosho. Ó mọ́ lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fi omi fọ ọṣẹ tí kọ́sítíìkì sódà tó fi ń sè é máa ń dá sínú rẹ̀ kúrò. Omi ìdọ̀tí náà wá ńkọ́? Kòtò ẹ̀bá ọgbà ló ń dà á sí.

Sùrájù ọkọ rẹ̀, káfíńtà, ní kó panu mọ́. “Wọ́n á lé wa. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin á wọmi.”

“Àwọn ọmọdé ń mu ún, Bàbá Qonitah. Kí n máa wò wọ́n ni?”

Àdíját lọ kúnlẹ̀ fún Wòlíì Ọdẹ́tọ́lá, olórí ìjọ náà. “Ẹ má bínú, Bàbá. Kì í ṣe agbára. Omi ọṣẹ mi ló wọ kànga yín.”

Ojú ti Bàbá náà, torí òun fúnra rẹ̀ ló gbàdúrà sí omi náà láàárọ̀. Ó jáde, ó ní kí gbogbo èrò da omi wọn nù, ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi bò. Wọ́n bú Àdíját dáadáa.

“Oṣù mẹ́ta ni mo fún ọ láti wá ọ̀nà mìíràn,” ni Wòlíì wí fún un. “Tí o bá tún da omi síbẹ̀, ẹ ó kó ẹrù yín.”

Àdíját kó ìyẹ̀fun pákó láti ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ kún dúrọ́ọ̀mù, ó da dísẹ́ẹ̀lì lé e kó lè fa ọṣẹ náà mu. Ìgbà àkọ́kọ́ bàjẹ́, ìkejì náà bàjẹ́. Nígbà kẹfà, ohun tó ń kán jáde nísàlẹ̀ mọ́ gaara, kò sì lo omi kankan. Sùrájù tó ń bẹ̀rù ló wá ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé, “Ìyàwó mi ló ṣe é o.”

Wọ́n gbọ́n kànga náà gbẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ilé àyẹ̀wò ní omi rẹ̀ ti dára, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ mu ún. Wòlíì bu ife kan, ó ń gbé e lọ sẹ́nu.

Àdíját fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. “Èmi ló kàn, Bàbá.”

Ó mu ún tán lójú gbogbo wọn. Orí rẹ̀ wú. Ó na ife náà padà.

“Ẹ bu òmíràn fún mi.”